Ooru Tó Sá Pamọ́ Sínú Omi: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Tòmátì Láìsí Iná, Kí Ẹ sì Dín Gáàsì Kù

Bí omi bá ti ń hó lórí iná, kò lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ẹ tan gáàsì dé òpin, ẹ ko igi kún ààrò, orí 100°C náà ló máa wà títí tó fi máa gbẹ tán nínú ìkòkò. Ẹni tó bá ní tẹmómítà tí wọ́n ń kì bọ oúnjẹ lè fojú ara ẹ̀ rí i. Níbo wá ni gbogbo ooru tí iná ń rọ́ sábẹ́ ìkòkò ń gbà lọ?

Èéfín omi tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò ló ń gbé e lọ, kì í ṣe èéfín iná o. Omi ò lè ṣàdédé di èéfín; ó gbọ́dọ̀ gba ooru tó pọ̀ kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ooru yẹn ò sì ní hàn lórí tẹmómítà. Joseph Black, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, tó sì wọ̀n ọ́n, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1760. Ó rí i pé bákan náà ni yìnyín ń ṣe: ooru ń wọlé sí i lára, ó ń yọ́, ṣùgbọ́n tẹmómítà ò kúrò lórí òdo títí tó fi yọ́ tán. Ooru náà ò sọnù. Ó sá pamọ́ sínú omi ni, ọjọ́ tí èéfín bá sì pa dà di omi, tàbí tí omi bá pa dà di yìnyín, gbogbo ẹ̀ ló máa tú jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí a máa lò wọ́n. Láti gbé omi kílò kan láti 25°C dé 100°C, ó máa gba nǹkan bí 315 kílójúùlù, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru. Láti wá sọ kílò kan yẹn tó ti ń hó di èéfín tán, ó máa gba 2,257, ìyẹn bí ìlọ́po méje. Yìnyín kílò kan sì máa gba 334 kó tó di omi, omi náà á sì ṣì wà lórí òdo.

Ohun tó wúlò jù nílé wa ni pé omi ò dìgbà tó bá hó kó tó gbé ooru lọ. Aṣọ tí a sá sábẹ́ òjìji ń gbẹ láìhó, gbogbo ẹ̀kán omi tó ń bá atẹ́gùn lọ níbẹ̀ ló sì ń gba ooru lára aṣọ àti lára atẹ́gùn tó yí i ká. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú wa bí a bá ti ilé ìwẹ̀ jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí wa. Ìdí nìyẹn náà tí omi inú àmù ìyá àgbà fi ń tutù ju ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ: amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, omi ń gba ibẹ̀ làágùn síta, ó ń gbẹ, ó sì ń mú ooru inú àmù lọ.

Ìkòkò nínú ìkòkò

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa ní àríwá Nàìjíríà, tí ìdílé wọn jẹ́ amọ̀kòkò, ló mú ìmọ̀ yìí, tó fi ṣe ohun ìpamọ́ ẹ̀fọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí iná mànàmáná ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọdún 1995 ló ti bẹ̀rẹ̀: ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Ilé iṣẹ́ aago Rolex fún un ní Ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ìkàn tí kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lójú oòrùn ibẹ̀ lo ọjọ́ 27 nínú ìkòkò rẹ̀. Abba kú lọ́dún 2010, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ò ní àṣírí kankan nínú, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é.

Àmọ́ Jigawa ni o. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ. Mi ò ní sọ fún ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà l'Ékòó pé kó lọ ra ìkòkò nínú oṣù keje, torí atẹ́gùn tó ti mu omi yó ò lè gba omi mọ́, bí omi ò bá sì gbẹ, kò ní mú ooru kankan lọ. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 35°C, tí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn jẹ́ ìdá ogún péré nínú ọgọ́rùn-ún, omi tó ń gbẹ lè fa nǹkan wálẹ̀ dé nǹkan bí 19°C. Bó bá jẹ́ 30°C, tí ọ̀rinrin dé ìdá ọgọ́rin, 27°C ló máa já sí. Òpin ibi tó lè dé nìyẹn. Ìkòkò tiwa kì í sábà dé òpin.

Nítorí náà, ìgbà ọyẹ́ ni ìkòkò yìí ń ṣiṣẹ́ jù nílẹ̀ wa, àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin sì máa jẹ̀gbádùn ẹ̀ ju àwọn ará Bàdágírì àti Kútọnu lọ. Kí ẹ tó ná owó, ẹ dán atẹ́gùn àdúgbò yín wò báyìí:

1. Ẹ bu omi láti inú korobá kan náà sínú ìgò méjì tó rí bákan náà.
2. Ẹ fi aṣọ òwú tútù wé ọ̀kan. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
3. Ẹ gbé méjèèjì sábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ máa rin aṣọ náà bó bá fẹ́ gbẹ.
4. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ki tẹmómítà bọ inú wọn.

Bí èyí tí ẹ wé bá fi 5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju èkejì lọ, ẹ lọ ra ìkòkò. Bí kò bá ju 2°C lọ, ẹ fi owó yín pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá bọ́ sáàárín, ohun tí ẹ máa rí gbà ni pé ẹ̀fọ́ ò ní tètè rọ, torí inú ìkòkò náà lọ́rinrin. Ìyẹn náà tó nǹkan fún ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ.

Bí ẹ ṣe máa yan ìkòkò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é tì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ nílò ìkòkò amọ̀ méjì tí ẹnu wọn fẹ̀. Bí ẹ bá gbé kékeré sínú ńlá, àyè tó tó ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn yíká. Ìpetumodù, Dada ní Ìlọrin àti Ìsàn-Èkìtì ṣì ń mọ ìkòkò tó dára, ẹ sì lè bá wọn sọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́.

Ẹ fi eegun ìka kan ìkòkò. Èyí tó pé máa ń dún gooro; èyí tó ti sán máa ń dún bí ohun tí wọ́n fi aṣọ bò. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi sí ara rẹ̀ níta. Bí amọ̀ bá fa omi náà mu, tí ojú ibẹ̀ dúdú, ìkòkò yín nìyẹn. Bí omi bá ń yí dànù lórí ẹ̀, wọ́n ti dí i. Àwọn amọ̀kòkò wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ìkòkò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá sè sí i lára, kó lè dúdú, kó máa dán, kó má sì jò. Ohun tó dára fún ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ó ba tiwa jẹ́. Ẹ sọ fún ìyá amọ̀kòkò pé ẹ fẹ́ èyí tí wọn ò tíì wọ́n nǹkan sí, tí wọn ò sì kùn lọ́dà.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò inú ò le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá dán díẹ̀, kò sí wàhálà, ó tiẹ̀ máa jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ.

Iyanrìn odò ni kí ẹ lò. Ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn á sì dí ihò ara ìkòkò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó kù ni àpò ìdọ̀họ tàbí táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́, àti bíríkì mẹ́ta tàbí ẹsẹ̀ onírin tí ẹ máa gbé e lé, kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

1. Ẹ rẹ ìkòkò ńlá sínú omi mọ́jú, kó mu omi tẹ́rùn.

2. Ẹ gbé e sórí bíríkì níbi tó máa wà gan-an, torí bí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́, kò ṣeé gbé mọ́. Ẹ wá òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí: ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ má gbé e sí kíṣìnnì tí ooru iná kún, ẹ má sì gbé e sí yàrá tí wọ́n ti pa. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́, ọ̀rinrin tó ń jáde lára ìkòkò á kàn dúró yí i ká ni, iṣẹ́ á sì dúró.

3. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ gbé ìkòkò kékeré lé e. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ibi tí iyanrìn máa dé lọ, kí omi má bàa ṣàn wọlé.

4. Ẹ rọ iyanrìn sáàárín wọn yíká, ẹ máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pẹ̀lẹ́ kí àyè òfìfo má bàa wà. Ẹ fi ìka méjì sílẹ̀ lókè.

5. Ẹ máa da omi sórí iyanrìn díẹ̀díẹ̀. Ó máa mu ún ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí omi bá ti ń dúró lórí rẹ̀ láìwọlẹ̀, ó tó. Ẹ wá máa wo ara ìkòkò ńlá níta: àwọ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìsàlẹ̀, ìlà ọ̀rinrin náà á máa gun òkè, nígbà tó bá sì dé ọrùn, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀ pé ó tutù.

6. Ẹ ṣẹ́ aṣọ tútù po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó kó nǹkan sí i.

7. Ẹ máa rin iyanrìn àti aṣọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ kíkankíkan, ẹ fi ti ọ̀sán kún un.

Lítà omi kan tó bá gbẹ lára ìkòkò ń gbé nǹkan bí 2,400 kílójúùlù lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí yìnyín kílò méje máa gbà kó tó yọ́. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tòmátì yín ń san ìyókù. Ẹ rí i pé omi tí ẹ ń dà sí i ò ṣòfò.

Ohun tó yẹ kó wọ inú rẹ̀

Tòmátì tó le, tí kò là, tí igi kékeré orí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́; ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ata rodo, tàtàsé, ìkàn, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ tí wọ́n dì ní ìdì. Ní ti tòmátì, mo gbà pé ìkòkò yìí sàn ju fíríìjì lọ: tòmátì tó bá wà níbi tó tutù ju nǹkan bí 12°C lọ fún ọjọ́ mélòó kan máa ń rọ̀, adùn rẹ̀ á sì lọ.

Iṣu, àlùbọ́sà, gàrí àti èlùbọ́ ń fẹ́ ibi gbígbẹ, ẹ má kó wọn sí i. Ẹran, ẹja, wàrà àti ọbẹ̀ tí a ti sè ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Irú wọn ń fẹ́ 5°C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò yìí ò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ohun tó lè pa ọmọdé nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kí ẹ yọ èyí tó bá ti ń rà, torí ọ̀kan á ran gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára ìkòkò níta, iyọ̀ tó wà nínú omi ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi lásán fọ̀ ọ́, láìlo ọṣẹ. Bí ara ìkòkò bá tutù ṣùgbọ́n tí nǹkan inú rẹ̀ ń hu, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àtẹ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lówùúrọ̀. Bí ara rẹ̀ níta bá gbẹ táútáú nígbà tí iyanrìn tutù, wọ́n ti ta ìkòkò tí wọ́n dí fún yín.

Gáàsì

Ọ̀rọ̀ èyí ò gùn. Omi tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ àti èyí tó ń hó gidigidi tó ń ta sókè, bákan náà ni wọ́n ṣe gbóná. Ẹ̀wà ò mọ ìyàtọ̀. Iná ńlá tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìkòkò ti hó, omi ló ń lé lọ. Lórí sítóòfù ilé wa, lítà omi kan tí a bá hó gbẹ dànù lè jẹ nǹkan bí 100 gíráàmù gáàsì. Ẹ fi ìyẹn wé sílíńdà kílò 12.5 yín.

Nítorí náà: iná ńlá títí tó fi hó, lẹ́yìn náà ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó dákẹ́, kí ẹ sì dé e. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú. Ẹ má da omi tó pọ̀ sí ọbẹ̀ ata tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa tún hó gbẹ; ẹ sẹ́ omi ata tí ẹ lọ̀ kúrò kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹni tó bá fẹ́ kí oúnjẹ tètè jinná ní tòótọ́, ìkòkò tí wọ́n dé pinpin, tó ń fi agbára èéfín se oúnjẹ, ni kó rà, torí inú rẹ̀ lè dé nǹkan bí 120°C. Òdì kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì: ilẹ̀ ibẹ̀ ga, omi ti ń hó ní nǹkan bí 96°C, ẹ̀wà sì máa ń pẹ́ lórí iná.

Yìnyín fún òde ìnáwó

Agbára yìnyín wà nínú yíyọ́ rẹ̀. Ọ̀rá méjì ohun mímu oníke 50 cl, tó ní 12 nínú lọ́kọ̀ọ̀kan, wúwo tó kílò 12. Láti mú un láti 30°C wá sí 5°C, yìnyín bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀ ló máa lọ sí i, láìtíì ka ooru tó ń wọ kúlà látìta. Ìdajì ìwọ̀n ohun mímu ni kí ẹ rà, kílò mẹ́fà. Píọ̀ wọ́tà 50 cl tó dì gbagidi, méjìlá nìyẹn.

Ẹ ti alẹ́ gbé ohun mímu síbi tó tutù, ẹ má fi sóòrùn. Ẹ tẹ́ yìnyín sísàlẹ̀, ẹ to ìgò, ẹ tún fi yìnyín sórí. Ẹ wá da omi tútù díẹ̀ sí i, torí yìnyín tó le máa ń kan ìgò níbì kan ṣoṣo, omi tó wà lórí òdo á sì kàn án yíká. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń bójú tó kúlà lóde pé kí wọ́n má máa sáré da omi yìnyín nù. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú ẹ̀, omi yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí àlejò bá ti dé tí nǹkan ò tíì tutù, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sí i, kí ẹ rò ó. Omi náà á lọ sísàlẹ̀ òdo.

Èéfín

Èéfín ló ń se mọ́ínmọ́ín. Bó bá kan ewé tó ṣì tutù, ó pa dà di omi, ó sì tú gbogbo ooru tó gbé wá sórí ewé. Ohun kan náà ló ń ṣe bó bá kan awọ ara, ìdí nìyẹn tó fi ń jó èèyàn ju omi híhó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìkòkò, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Ẹ gbé etí ọmọrí tó wà lọ́wọ́ iwájú sókè ná, kí èéfín lè gba ọ̀hún jáde, kí ojú àti apá yín wà lẹ́yìn ọmọrí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró tì yín.

Bó bá ti jó èèyàn, ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kíákíá kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tó tutù níwọ̀nba, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi yìnyín sí i, ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí ọ̀rá tó mọ́ bò ó láìdì í pinpin. Bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ojú ara ló jó, tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ibi tó lé ròrò bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.